Gúrù, èémí àti mántírà: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí diksha

Lọ́dọọdún, bí 21 Oṣù Kẹfà bá ti pé, fọ́tò Ọjọ́ Yógà Àgbáyé máa ń kún orí fóònù: ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn jókòó sórí ẹní, wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n dijú. Íńdíà ló dábàá ọjọ́ náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní Oṣù Kejìlá 2014. Àárín ìròyìn yìí ni àwọn kan ti ń gbọ́ pé gúrù báyìí, ìyẹn olùkọ́ nípa tẹ̀mí, fún ẹnì kan ní mántírà, ìyẹn ọ̀rọ̀ mímọ́ tí a ń pè lápètúnpè, pé ẹlòmíràn gba diksha, ọ̀rọ̀ náà sì dàrú mọ́ wọn lójú. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù lọ nìyí.

Ṣé gbogbo ẹni tó ń ṣe yógà ló ti gba diksha?

Rárá. Ẹni tó na ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn lórí ẹní ní pápá kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ gúrù kankan.

Kí wá ni diksha?

Ètò tí gúrù fi ń gba èèyàn ní ọmọlẹ́yìn ni, tó sì fi ń fi ìlànà kan lé e lọ́wọ́: mántírà tí yóò máa pè, ọ̀nà tí yóò máa gbà mí, tàbí méjèèjì. Gúrù náà ti gba tirẹ̀ lọ́wọ́ gúrù mìíràn, ìyẹn náà gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Parampara ni wọ́n ń pe ìlà yìí, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi gúrù léèrè.

Ẹ wo Kriya Yoga, ìlànà èémí àti àṣàrò kan. Lahiri Mahasaya, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìwé owó ní ẹ̀ka iṣẹ́ ológun nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé 1861 ni òun gbà á lórí òkè Himalaya, nítòsí Ranikhet, lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń pè ní Babaji. Kò di alágbe, kò wọ inú igbó lọ. Ó padà sí Varanasi sọ́dọ̀ ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ oṣù lọ, ó sì ń fún àwọn tó bá wá sí ilé rẹ̀ ní Kriya. Sri Yukteswar gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Yogananda gbà á lọ́wọ́ Sri Yukteswar, ó sì gbé e dé Amẹ́ríkà ní 1920.

Báwo ni ọjọ́ náà ṣe máa ń rí?

Ó yàtọ̀ láti ilé gúrù kan sí òmíràn. Èyí tó wọ́pọ̀ ni pé kí èèyàn wẹ̀ láàárọ̀, kó wọ aṣọ mímọ́, kó má jẹun yó, kó mú èso, òdòdó àti owó ọrẹ tí wọ́n ń pè ní dakshina dání. Nínú àṣà àtijọ́, wọ́n lè fi aṣọ bo olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lórí kí olùkọ́ tó sọ mántírà sí i létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ẹlẹ́sìn Híńdù ṣe ń sọ mántírà tí wọ́n ń pè ní Gayatri sétí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ọjọ́ tí wọ́n bá fi òwú mímọ́ kọ́ ọ léjìká.

Ètò Transcendental Meditation, tí Maharishi Mahesh Yogi dá sílẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ará òde Íńdíà mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú èso, òdòdó àti áńkáṣíìfù funfun tuntun wá. Olùkọ́ á bọ́ bàtà, á dojú kọ àwòrán gúrù Maharishi, Brahmananda Saraswati, tó kú ní 1953. Á máa fi Sanskrit, èdè àtijọ́ Íńdíà, kọrin, á máa gbé ìrẹsì, kàfúrà àti tùràrí síwájú àwòrán náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣe ju kó máa wò ó lọ. Lẹ́yìn náà olùkọ́ á kúnlẹ̀, á dìde, á pe mántírà. Akẹ́kọ̀ọ́ á pè é tẹ̀ lé e, á dín ohùn kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di inú ọkàn nìkan. Láti ọjọ́ náà, ìṣẹ́jú 20 láàárọ̀, ìṣẹ́jú 20 nírọ̀lẹ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń pa mántírà mọ́?

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń pa mọ́. Àwọn ọmọ ISKCON, ẹgbẹ́ Hare Krishna tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní 1966, ń kọ tiwọn ní ìgboro. Ẹni tó bá gba diksha lọ́dọ̀ wọn jẹ́jẹ̀ẹ́ láti máa ka ìlẹ̀kẹ̀ yípo ní ìgbà 16 lójoojúmọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ náà, mala, jọ tẹ̀sùbáà, ó jẹ́ 108. Ìyẹn ni pé ẹni náà á pe mántírà ní ìgbà 1,728, ó sì máa ń gbà tó wákàtí méjì. Àtàǹpàkò àti ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń fa ìlẹ̀kẹ̀. Ìka tí a fi ń nàka sí nǹkan kì í kàn án. Bí wọ́n bá dé orí ìlẹ̀kẹ̀ ńlá tó ṣe ìkangun, wọn kì í fò ó, wọ́n á yí mala padà.

Ní ti mántírà tí wọ́n ń pa mọ́, àlàyé tí àwọn olùkọ́ ń ṣe ni pé bí èèyàn bá ti ń sọ ọ́ káàkiri, ọkàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò, á máa fi wé tẹlòmíràn, kò sì ní lè sinmi lé e mọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn máa fipá tẹ mántírà mọ́lẹ̀, kó máa bá gbogbo èrò tó bá yọjú jà. Èrò á wá. Bí ẹ bá ti rí i pé ọkàn yín ti lọ, ẹ rọra padà sórí mántírà.

Èémí ńkọ́? Ṣé òun ló léwu?

Òun ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọwọ́ yẹpẹrẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń mú un.

Èyí tó rọrùn nìyí. Ẹ jókòó, kí ẹ̀yìn nà, kí èjìká wálẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò ọ̀tún dí ihò imú ọ̀tún, ẹ fa èémí sínú láti ihò òsì, kí ẹ ka 4. Ẹ fi ìka tí a ń fi òrùka sí dí ihò òsì, ẹ tú ti ọ̀tún sílẹ̀, ẹ mí jáde, kí ẹ ka 4. Ẹ fà á láti ọ̀tún, ẹ tú u jáde láti òsì. Ìyẹn yípo kan. Máàrún tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dá èémí dúró rárá. Ìlànà 1:4:2 tí àwọn ìwé àtijọ́ sọ, níbi tí èèyàn ti ń dá èémí dúró ní ìlọ́po mẹ́rin ìgbà tó fi fà á, iṣẹ́ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, lójú olùkọ́.

Ní ti Kriya, ohun tí àwọn olùkọ́ ti sọ ní gbangba ni pé ọkàn ń bá èémí gòkè, ó sì ń bá a sọ̀kalẹ̀ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ó ń gba ojúkò mẹ́fà tó wà lára ọ̀pá náà kọjá. Kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀ di ọjọ́ diksha.

Ibi tí ewu wà ni mímí kíákíá, mímí jinlẹ̀jinlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń tú kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ á fún, òòyì á kọ́ onítọ̀hún, ètè àti ìka ọwọ́ á máa ta á, ìka tilẹ̀ lè ká kò kó má ṣeé nà. Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n lè sọ fún un pé agbára gúrù ló wọ̀ ọ́. Èémí ló ṣe é. Kó dáwọ́ dúró, kó máa mí bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀, ara á balẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má ṣe irú èyí nínú omi láé: ẹni tó bá mí kíákíá kó tó dá èémí dúró lábẹ́ omi lè dákú láìmọ̀, kó sì kú síbẹ̀.

Aboyún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tó ní wárápá tàbí àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní gílákómà, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí àrùn ọpọlọ ti ṣe rí: ẹ jìnnà sí mímí kíákíá àti dídá èémí dúró, àfi bí dókítà yín bá fọwọ́ sí i.

Ṣé fídíò kò tó?

Kò tó fún èémí tó lágbára. Fídíò kò rí i pé èjìká yín ti gòkè, pé ẹ ń fa ikùn wọlé nígbà tó yẹ kó yọ.

Ṣé ó jọ ìtẹ̀fá?

Wọ́n jọ ní ti pé a ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ti gbà á ṣáájú, pé ohun kan wà tí a kì í sọ níta. Ṣùgbọ́n kò sí odù tó ń jáde fún ẹni tó gba diksha, kò sì sí ikin.

Krìstẹ́nì tàbí Mùsùlùmí ni mí. Ṣé mo lè gbà á?

Lahiri gba Mùsùlùmí àti Krìstẹ́nì mọ́ra, ó sì ní kí kálukú máa ṣe ẹ̀sìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí ẹ̀sìn níbẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n gbé Transcendental Meditation wọ ilé ìwé girama ìjọba ní New Jersey, àwọn kan pẹjọ́. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dájọ́ ní 1979 pé ẹ̀sìn ni ẹ̀kọ́ náà, pé ilé ìwé ìjọba kò gbọdọ̀ gbé e kalẹ̀. Orin Sanskrit tí olùkọ́ ń kọ níwájú àwòrán wà lára ohun tí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹ ní kí wọ́n túmọ̀ gbogbo ohun tí wọ́n máa kọ lórin fún yín kí ọjọ́ tó pé. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ máa lọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ gúrù tó ń tanni jẹ?

Ẹ bi í pé ta ló fún un, nígbà wo, níbo. Ẹ bá ọmọlẹ́yìn tó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwọn tó jókòó níwájú nìkan. Bí owó tó ń béèrè bá ń ga sí i bí ẹ ṣe ń gòkè, tó ní kí ẹ má gba oògùn dókítà mọ́, tàbí tó ní kí ẹ̀yin nìkan wá bá òun lóru, ẹ má padà síbẹ̀.

Mántírà ni ẹ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ẹ ò ní sọ. Ohun tí gúrù bá fi ara yín tàbí owó yín ṣe kò sí nínú ẹ̀jẹ́ náà. Asaram, gúrù kan ní Íńdíà tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ gan-an, tó sì ń fúnni ní diksha, gba ẹ̀wọ̀n gbére ní Jodhpur ní 2018 nítorí pé ó fipá bá ọmọdébìnrin kan lò pọ̀. Ìdílé ọmọ náà jẹ́ ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Ká ní ọmọ yẹn dákẹ́ ni, wọn kì bá tí rí i mú.

Mo ti gbà á, mo sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Ṣé èpè á jà mí?

Rárá. Àwọn ìwé àtijọ́ Íńdíà fúnra wọn gbà pé ọmọlẹ́yìn lè kúrò lọ́dọ̀ gúrù kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Ẹni tó bá ń fi èpè dá yín dúró ti fi ara rẹ̀ hàn.

Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, n kì í lè sùn, mo sì ń gbọ́ ohùn.

Ẹ dá gbogbo ìlànà èémí dúró lónìí, àti mántírà pẹ̀lú. Ẹ jẹun dáadáa, ẹ máa rìn níta lójú ọ̀sán, ẹ má dá wà. Ẹ sọ fún ará ilé, kí wọ́n bá yín dé ọ̀dọ̀ dókítà láìjáfara, kí ẹ sì sọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ ń lò lójúmọ́ àti irú èémí tí ẹ ń mí fún un gan-an bó ṣe rí.