Bí Lẹ́tà Ṣe Kúrò Lára Ọkọ̀ Ojú Irin Tó Di Ère

Bí a bá dárúkọ gràfítì lónìí, ohun tó ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni àwòrán gìrìwò lára ògiri: ojú ènìyàn, ẹyẹ, òdòdó, àwọ̀ tó ń dán yanran. Àwòrán kọ́ ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Orúkọ ló kọ́kọ́ wà, orúkọ lásán tí ọmọkùnrin tí kò tíì pé ogún ọdún fi máákà kọ sára ògiri kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè mọ̀ pé òun gba ibẹ̀ kọjá. Àtàwòrán ògiri àtère tó wá tẹ̀lé e, inú wàhálà orúkọ yẹn ni wọ́n ti jáde: báwo ni tèmi ṣe máa hàn láàárín ti gbogbo ayé?

Ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà sí, ní apá ìparí àwọn ọdún 1960. Darryl McCray wà nílé àtúnṣe tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tó rúfin sí, ó sì ń yọ alásè ibẹ̀ lẹ́nu ṣáá pé kó ṣe búrẹ́dì àgbàdo bí ìyá àgbà òun ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Cornbread nìyẹn. Nígbà tó jáde, ọkàn rẹ̀ fà sí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Cynthia, ló bá ń kọ ọ́ káàkiri ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ọmọbìnrin náà ń gbà pé Cornbread fẹ́ràn Cynthia. Láti ibẹ̀ ni kíkọ ti di bárakú fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé nígbà tí ìwé ìròyìn ṣèèṣì gbé e pé òun ti kú, ńṣe lòun wọ ọgbà ẹranko lọ, tóun fín ọ̀dà sára erin pé Cornbread ṣì wà láàyè. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á gbọ́.

Ní New York, ọmọ ìran Gíríìkì kan tó ń gbé ní òpópónà 183, ní Washington Heights, ni òkìkí rẹ̀ kọ́kọ́ kàn. Taki ni ìnagijẹ tí wọ́n ń pè é, ló bá fi nọ́ńbà òpópónà rẹ̀ kún un: TAKI 183. Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́, torí JULIO 204 ti ń kọ tirẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ajíṣẹ́ ni Taki ń ṣe, ó ń gbé lẹ́tà àti ẹrù kéékèèké kiri ìlú, gbogbo ibi tó bá sì dé ló ń kọ orúkọ sí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje, ọdún 1971, New York Times kọ ìròyìn nípa rẹ̀. Wọ́n rò pé àwọn ń ṣàlàyé wàhálà kan fáwọn òǹkàwé ni, àṣé epo ni wọ́n ń bù sínú iná. Àwọn ọmọ tí kò tíì ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà òpópónà kún orúkọ tiwọn náà.

Kò pẹ́ tí ara ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ fi kún bámúbámú. Ojú ò wá rí orúkọ ẹnì kankan mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ti dé. SUPER KOOL 223 yọ ẹnu agolo ọ̀dà rẹ̀, ó fi ẹnu agolo mìíràn tó fẹ̀ jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, irú èyí tó wà lórí àwọn nǹkan tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ilé. Ọ̀dà wá ń tú jáde gbàràgàdà, lẹ́tà tó jẹ́ ìlà lásán tẹ́lẹ̀ sì di ohun tó ní ikùn, tí ènìyàn lè kun inú rẹ̀. Ní 1972, PHASE 2, ọmọ àdúgbò Bronx ní New York, gbé lẹ́tà rọ̀bọ̀tọ̀ jáde, ó dà bí ẹni fẹ́ atẹ́gùn sínú wọn títí wọ́n fi wú. Lẹ́tà tóbi, àyè àárín wọn há, ọ̀kan ń gun èkejì lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti fi àwọ̀ kan kún inú rẹ̀, wọ́n á fi òmíràn la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká, ẹni tó dúró ní òdìkejì ibùdókọ̀ á sì kà á láìsí wàhálà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọfà wọlé. Ọkọ̀ kì í dúró pẹ́, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré lẹni tó wà ní ìdúró fi ń rí lẹ́tà kó tó wọnú ihò lọ, nítorí náà wọ́n fẹ́ kí lẹ́tà fúnra rẹ̀ máa sáré. Wọ́n fi ọfà sí ìdí T, wọ́n fà á já sí orí E, wọ́n so apá kan mọ́ èkejì, títí ó fi di pé àwọn tí wọ́n jọ ń kọ ọ́ nìkan ló lè kà á. Èyí ni mo ka sí ibi tí ìtàn náà ti yí padà jù lọ. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ nítorí kí gbogbo ìlú lè ka orúkọ mi wá di ohun tí ìlú kò lè kà mọ́, inú àwọn tó ń ṣe é sì dùn sí i. Akọ̀wé ni wọ́n ń pe ara wọn; PHASE 2 kò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe iṣẹ́ òun ní gràfítì rárá.

Ìjọba ìlú ṣòfin tó ta kò wọ́n ní 1972. Ní ọdún yẹn kan náà, Hugo Martinez, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní City College, kó díẹ̀ nínú àwọn akọ̀wé náà jọ sínú ẹgbẹ́ United Graffiti Artists, wọ́n sì pàtẹ iṣẹ́ wọn ní ilé ìpàtẹ àwòrán Razor Gallery ní 1973. Wọ́n gbé lẹ́tà kúrò lára irin, wọ́n gbé e sórí aṣọ àwòrán. Iṣẹ́ náà tà, ṣùgbọ́n lójú tèmi, lẹ́tà tí kò rìn mọ́ kò tíì mọ ohun tó máa dà.

Ẹni tó kọ́kọ́ wá ibi gidi fún un lórí ilẹ̀ ni Lee Quiñones. Ponce ní Puerto Rico ni wọ́n ti bí i ní 1960, àdúgbò Lower East Side ní New York ló sì dàgbà sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1977, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Fabulous 5 kun odindi ọkọ̀ ojú irin oníyàrá mẹ́wàá, láti òkè délẹ̀, láti orí dé ìrù. Ká sọ òótọ́, kí ni ènìyàn tún fẹ́ ṣe lára ọkọ̀ lẹ́yìn ìyẹn? Ìjọba náà sì ti ń fi kẹ́míkà fọ ọkọ̀, iṣẹ́ òru kan lè pòórá láàárọ̀. Ní 1978, Lee gba ojú ògiri lọ. Ó lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní àdúgbò rẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ ti ń fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, ó sì ya pẹ́pẹ́yẹ inú ìwé àwòrán ẹ̀fẹ̀, Howard the Duck, tó ń fi ọmọrí garawa ìdọ̀tí ṣe asà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ ọnà ni gràfítì, bí iṣẹ́ ọnà bá sì di ọ̀ràn, kí Ọlọ́run dárí ji gbogbo ènìyàn. Àwọn ará àdúgbò kò pa á rẹ́. Ní 1979, òun àti Fab 5 Freddy ti ń pàtẹ ní Galleria La Medusa, nílùú Róòmù.

Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ Lee dáadáa. Àwòrán ti gba iwájú níbẹ̀, lẹ́tà ti di ọmọ ẹ̀yìn tó ń ṣàlàyé àwòrán. Ẹni tó kọ̀ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀ ni Rammellzee.

Far Rockaway ni wọ́n ti bí i ní 1960, ní Queens lọ́hùn-ún, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní A parí sí. Ara ọkọ̀ A yẹn ló ti kọ orúkọ nígbà èwe rẹ̀. Ní 1979 ó lọ sí ilé ẹjọ́, ó fi òfin yí orúkọ rẹ̀ padà sí Rammellzee, ó sì ní kì í ṣe orúkọ, ìṣirò ni. Àwọn kan mọ̀ ọ́n nítorí rẹ́kọ́ọ̀dù Beat Bop ti 1983, èyí tí Jean-Michel Basquiat ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi ò rò pé orin ni olórí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó gbé kalẹ̀ ni Gothic Futurism. Ó ní àwọn mọ́ńkì tó ń da ìwé kọ ní Yúróòpù láyé àtijọ́ ṣe lẹ́tà lọ́ṣọ̀ọ́ títí àwọn bíṣọ́ọ̀bù kò fi lè kà á mọ́, ni wọ́n bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ inú ihò ọkọ̀ ojú irin ló wá ń bá ogun náà lọ. Lẹ́tà wà lẹ́rú àwọn tó ń lò ó láti sọ̀rọ̀, ó yẹ kí á dì í ní ìhámọ́ra kó lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti ka àlàyé rẹ̀ lórí èyí, apá kan yé mi, apá kan gba orí mi kọjá lọ. Ohun tó fi ọwọ́ ṣe ló ń là mí lọ́yẹ̀. Gbogbo akọ̀wé ló ń fi ọfà sí lẹ́tà, òun nìkan ló bi ara rẹ̀ pé, bí eléyìí bá jẹ́ ọfà lóòótọ́, ta ni yóò ta?

Níparí àwọn ọdún 1980, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ mọ lẹ́tà náà bí ère. Ó ń ṣa ohun tí ìlú dànù lójú títì, àfọ́kù nǹkan ìṣeré, ike oríṣiríṣi, pákó onítáyà táwọn ọmọ fi ń yọ̀ lójú ọ̀nà, ó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó ń fín wọn lọ́dà. Ohun tó jáde ni Letter Racers: lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì láti A dé Z, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìrísí ọkọ̀ ogun, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun ìjà tirẹ̀. Ó so wọ́n rọ̀ sínú ilé tó ń gbé ní Tribeca, èyí tó pè ní Battle Station. Ẹni tó bá wọlé tí kò mọ ìtàn náà lè pè wọ́n ní pàǹtí. Ẹni tó bá mọ bí PHASE 2 ṣe fún lẹ́tà ní ikùn, bí wọ́n ṣe fún un ní ọfà, yóò rí i pé ohun tó kù ni Rammellzee parí. Lẹ́tà ti ń gun ọkọ̀ ẹlòmíràn tipẹ́, òun ló fún un ní táyà tirẹ̀.

Àsìkò náà sì bọ́ sí i. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, ọdún 1989, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ ojú irin New York kéde pé gbogbo ọkọ̀ àwọn ti mọ́, kò sí èyí tó ní ìkọ̀wé lára mọ́. Rammellzee kú ní 2010. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé MOCA ní Los Angeles ṣe ìpàtẹ ńlá lórí iṣẹ́ ọnà ojú títì, wọ́n tún Battle Station kọ́ síbẹ̀.

Ní Yúróòpù, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà dé ibì kan náà. Boris Tellegen, tó ń kọ DELTA ní Amsterdam, kẹ́kọ̀ọ́ ìṣètò ohun èlò ilé iṣẹ́ ní Delft, lẹ́tà rẹ̀ sì dà bí ẹ̀rọ tí ènìyàn lè tú palẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ń fi igi àti páálí mọ wọ́n ní tòótọ́. Ní Jámánì, Mirko Reisser, ẹni tó ń jẹ́ DAIM, mú ìlà ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà kúrò pátápátá. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló fi ń gbé D, A, I àti M jáde kúrò lójú ògiri. Ọdún 1989 tí wọ́n fọ ọkọ̀ New York tán ni òun kọ́kọ́ di agolo ọ̀dà mú.