Ọmọ Igi, Bakitéríà Inú Gbòǹgbò àti Ajílẹ̀

Ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ ni náítírójìn, síbẹ̀ ewé ọmọ igi lè máa pọ́n nítorí pé kò rí náítírójìn jẹ. Èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ so pọ̀ pinpin ní méjì-méjì, igi kò sì lágbára láti tú u. Bakitéríà ló ń bá a tú u: Rhizobium àti àwọn ìbátan rẹ̀ fún àwọn igi ìdílé ẹ̀wà bíi Acacia àti Leucaena, Frankia fún igi Casuarina.

Nínú ìdílé ẹ̀wà, gbòǹgbò ló ń kọ́kọ́ ránṣẹ́. Ó ń tú èròjà kan sínú ilẹ̀, bakitéríà tó bá mọ àmì náà á gba irun gbòǹgbò wọlé, ojú ibẹ̀ á wú, á di kókó. Igi á máa fi ṣúgà bọ́ ọ, òun náà á máa fún igi ní náítírójìn. Iṣẹ́ alágbára ni, kò sì ṣeé ṣe láìsí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ igi mìíràn tó ń wá láti inú ilẹ̀.

Ajílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní yúríà ló sábà máa ń ba àjọṣe yìí jẹ́. Ìdá 46 nínú 100 rẹ̀ ni náítírójìn. Bí ó bá ti pọ̀ nínú ọ̀rá tí a gbin ọmọ igi sí, igi kò ní fi ṣúgà rẹ̀ bọ́ àlejò mọ́: kókó tuntun kò ní yọ, èyí tó ti yọ á ṣíwọ́. Ewé á dúdú minimini, gbòǹgbò á sì kéré, ọ̀dá àkọ́kọ́ lóko ló máa tú àṣírí rẹ̀. Bí ó bá tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, iyọ̀ inú ajílẹ̀ á máa fa omi kúrò lára gbòǹgbò, etí ewé á jó.

Àmọ́ kí a má fún un ní náítírójìn rárá kò dára. Oúnjẹ inú èso lè tán kí kókó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí kókó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó hàn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni kí a fi gbé e kọjá àsìkò ebi yìí. Igi tí kì í ní kókó ní tirẹ̀, ajílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́ ló yẹ ẹ́.

Ilẹ̀ tí irú igi náà kò hù sí rí lè má ní bakitéríà tó bá a mu. Leucaena tiẹ̀ máa ń ṣàṣàyàn gan-an. Ẹ bu ilẹ̀ lábẹ́ irú igi kan náà tó ti ní kókó, kí ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ inú ọ̀rá, bí igi ọ̀hún kò bá ṣàìsàn. Tó bá jẹ́ bakitéríà oníyẹ̀fun lẹ rà, abẹ́ ibòji ni kí ẹ ti fi pa èso lára, kí ẹ gbìn ín lọ́jọ́ kan náà. Oòrùn ń pa á.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ẹ ya ọ̀rá kan, kí ẹ rẹ ilẹ̀ rẹ̀ sómi títí yóò fi rọ̀ kúrò. Ẹ má fa gbòǹgbò yọ, torí kókó á já sílẹ̀. Ẹ fi abẹ la kókó kan. Bí inú rẹ̀ bá pupa bí ẹran, ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, kò ṣiṣẹ́, ẹ má sì tíì gbé yúríà: ẹ kọ́kọ́ wò bóyá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló wọ́n, tàbí pH ilẹ̀ (ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó) kò tó 5, ìyẹn ni pé ilẹ̀ ti kan jù.