Ibi tí aró ò wọ̀: ojú ayé àti inú ẹ̀dá ìtàn

Ohun kan wà tó ń ba ọ̀pọ̀ ìtàn jẹ́. Tí wọ́n bá ti ní kí ẹ̀dá ìtàn ní ojú ayé, ìyẹn ìwà tó ń hù níṣojú èèyàn, kó sì ní inú tiẹ̀ lọ́tọ̀, kíá, díákónì ti di olè, ọ̀rẹ́ ti di ọ̀dàlẹ̀, á wá dà bíi pé irọ́ ni gbogbo ohun tá a ti ń kà bọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwà tí èèyàn ń hù níta, inú ẹ̀ náà ló ti ń wá.

Ẹ wo àdìrẹ oníko. Ibi tí aládìrẹ bá fi ìko dì pinpin, aró ò ní ráyè wọbẹ̀, funfun ló máa wà, funfun yẹn gan-an sì ni dìsáìnì tí gbogbo ayé ń yìn. Ibi tí ẹ̀dá ìtàn náà bá dì pa, tí ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn, ibẹ̀ ló ń gbé àrà jáde síta. Àti pé tí aṣọ yẹn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró, ó máa ń ṣe bí àwọ̀ ewé, ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló tó ń di búlúù. Àwọn èèyàn tó yí ẹ̀dá ìtàn ká ni atẹ́gùn yẹn, àwọn ló ń sọ pé "ó mà lawọ́ o" títí ìlawọ́ á fi di orúkọ tí ò ṣeé bọ́ sílẹ̀ mọ́.

Ká ní ọkùnrin kan wà tí àdúgbò ń pè ní Alága, tó máa ń sanwó ọtí gbogbo tábìlì. Nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n lé e jáde ní kíláàsì torí owó ilé ìwé, ojú gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ṣe. Ó lawọ́ lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kẹ́nì kan sanwó ọtí tiẹ̀ lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ wá wo bó ṣe máa bínú. Ìbínú kékeré yẹn ti tó, kò dìgbà tó bá sunkún ro ẹjọ́ ayé ẹ̀ fún ojú ewé mẹ́ta.

Yorùbá tiẹ̀ ti fi orúkọ tí wọ́n ń pe èèyàn bá òǹkọ̀wé ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ló dùn jù. Ẹgbẹ́ ń pè é ní Alága, ìyàwó ń pè é ní Bàbá Ṣeun, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ń pè é ní Àkànní. Kí ẹ̀gbọ́n yẹn ṣáà wọlé láàárín ìpàdé kó ní "Àkànní, ṣé o ti jẹun?", kí Alága rọra ní "mo ti jẹun, mà", a ti rí ọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì lọ́jọ́sí. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ló sanwó ọtí lọ́jọ́ náà, kò ní lè bínú.