Bí Koríko Inú Géèmù Àtijọ́ Bá Di Pupa

Bí ẹ bá fi géèmù ọdún 1998 tàbí 1999 sórí kọ̀ǹpútà tó dé lẹ́yìn rẹ̀, tí koríko di pupa, tí omi di elésè àlùkò, ẹ má tíì náwó. Ó máa ń dùn mí gan-an bí èèyàn bá gbé irú laptop bẹ́ẹ̀ wá sí ìsọ̀ wa ní Pánsẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta, tó jẹ́ pé wọ́n ti gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ lórí ohun tí kò ṣe nǹkan kan.

Àwọ̀ 256 péré ni ọ̀pọ̀ géèmù ayé Windows 95 àti 98 ń lò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọn kì í tọ́jú àwọ̀ gan-an sínú àwòrán. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, láti 0 dé 255, àtẹ kan sì wà lọ́tọ̀ tó ń sọ àwọ̀ tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ẹ wo aláró ní Ìtòkú tó ní kí ọmọọṣẹ́ òun ki aṣọ bọ ìkòkò kẹta. Bí ẹlòmíì bá ti pààrọ̀ ipò àwọn ìkòkò, ọmọ yẹn ò ṣi iṣẹ́ ṣe, síbẹ̀ àwọ̀ ọ̀tọ̀ ni aṣọ á bá jáde. Lórí Windows Vista àti 7, Explorer tó ń bójú tó désíkítọ́ọ̀pù ló sábà máa ń da àtẹ àwọ̀ yìí rú nígbà tí géèmù ń lọ lọ́wọ́. Ohun tó ṣe Age of Empires II nìyẹn. Láti Windows 8 wá, kọ̀ǹpútà kàn ń ṣe àfarawé ètò àtijọ́ yẹn ni, ìdí nìyí tí géèmù míì fi ń fà tìkọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú èyí tí kò ná yín ní dátà. Ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ àmì géèmù náà, ẹ lọ sí Properties, kí ẹ wọ Compatibility, kí ẹ fi àmì sí Reduced color mode (ti Windows 8 sókè), kí ẹ sì mú 8-bit, ìyẹn àwọ̀ 256.

Bí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, ètò kékeré kan tó ń jẹ́ dgVoodoo2 ni èmi fẹ́ràn jù. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ló ń ṣe: ó ń gba àṣẹ tí géèmù ń pa fún DirectX àtijọ́ (ohun tí géèmù Windows fi ń ya àwòrán), ó sì ń sọ ọ́ di èyí tí káàdì àwòrán (graphics card) òde òní gbọ́. Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é gan-an ni kí ẹ sì ti gbà á, torí káríkárí ni kòkòrò kọ̀ǹpútà (virus) wà nínú èyí tí wọ́n ń pín kiri. Nínú ohun tí ẹ gbà yẹn, ẹ ṣí folder MS, ẹ wọ x86, kí ẹ da DDraw.dll àti D3DImm.dll kọ sínú folder tí .exe géèmù, ìyẹn fáìlì tó ń ṣí i, wà. x86 ni o, kódà bí Windows yín bá jẹ́ 64-bit, nítorí 32-bit ni géèmù fúnra rẹ̀. Ẹ má gbé wọn sínú System32, folder Windows fúnra rẹ̀, láéláé. Folder géèmù ni Windows ti kọ́kọ́ ń wá irú fáìlì báyìí, kò sídìí láti fọwọ́ kan ti ètò gbogbogbò.

Ti géèmù DOS, ètò tó ṣáájú Windows, yàtọ̀. DOSBox, ètò tó ń ṣe àfarawé DOS, ni kí ẹ lò fún un.

Ó ku ohun kan. Bí fọ́tò, fídíò àti désíkítọ́ọ̀pù bá mọ́ gaara, tó jẹ́ géèmù nìkan ló dàrú, kò sí nǹkan kan tó ṣe káàdì yín. Àmọ́ bí ìlà àti àbàwọ́n àwọ̀ bá ti ń hàn látìgbà tí ẹ tan kọ̀ǹpútà, kí Windows tó wọlé rárá, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó máa tú u wò.