Bàálù New York sí London: yíyí ayé kọ́ ló ń mú un yá, atẹ́gùn ni

Ẹni tó bá ti wọ bàálù láti New York lọ sí London á ti rí i pé kì í sábà ju wákàtí 7 lọ, àmọ́ tí wọ́n bá ń ti London padà, ó lè tó wákàtí 8, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan náà ni o, bíi kìlómítà 5,540 lọ, bíi 5,540 bọ̀. Àlàyé tó gbẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ayé tó ń yí ló fà á. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wò ó dáadáa. Ìlà oòrùn ni ayé ń yí lọ. Tó bá jẹ́ pé bàálù kàn wà lókè tí ayé ń yí lábẹ́ ẹ̀, ẹni tó ń ti London lọ sí New York ló yẹ kó kọ́kọ́ dé, ṣebí New York ló ń bọ̀ wá pàdé ẹ̀, ẹni tó ń lọ sí London á wá máa lé ìlú tó ń sá fún un. Òdìkejì ìyẹn gan-an la sì ń rí. Afẹ́fẹ́ tí bàálù ń fò nínú ẹ̀ náà ń bá ayé yí: tẹ́ ẹ bá fò sókè nínú rélùwéè tó ń sáré geere, ibi tẹ́ ẹ ti fò náà lẹ máa balẹ̀ sí, kò ní fi yín sílẹ̀ sẹ́yìn.

Atẹ́gùn ló wà nídìí ẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, bíi kìlómítà 9 sí 12, atẹ́gùn líle kan wà tí wọ́n ń pè ní jet stream, láti ìwọ̀ oòrùn ló ti ń fẹ́ lọ sí ìlà oòrùn. Ká ní bàálù ń sá kìlómítà 900 ní wákàtí kan, kí atẹ́gùn jẹ́ 150. Tó bá ń tì í lẹ́yìn, á di 1,050, wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 17 ló máa fi dé. Tó bá dojú kọ ọ́, 750 ló kù, ó di wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 23, a ò tíì ka àkókò tó fi ń gbéra àti èyí tó fi ń balẹ̀ mọ́ ọn o. Àwọn kan á ní èrè lílọ á dí àdánù bíbọ̀, kò dí i tán, torí àkókò tó fi ń bá atẹ́gùn jà ló gùn jù.

Lóṣù kejì ọdún 2020, nígbà tí ìjì Ciara ń jà, Boeing 747 kan ti British Airways ti New York dé London láàárín wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56! Bẹ́ẹ̀ ayé ò yí yàtọ̀ sí bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Òótọ́ ni pé yíyí ayé lọ́wọ́ nínú bí atẹ́gùn náà ṣe ń kọjú sí ìlà oòrùn, àmọ́ atẹ́gùn yẹn ni bàálù ń bá pàdé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣètò ọ̀nà tuntun sójú òfurufú Àtìláńtíìkì, àwọn tó ń lọ sí ìlà oòrùn á bọ́ sínú atẹ́gùn, àwọn tó ń padà á yà fún un, kódà kí ọ̀nà wọn gùn sí i.