Ẹ Pe Púlọ́ḿbà Kí Wọ́n Tó Da Bíìmù

Níbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀, bí apá Lẹ́kì àti Àjáh l'Ékòó, bíìmù ìpìlẹ̀ ni ẹnjiníà sábà máa ń fi de àwọn òpó ilé pọ̀ nísàlẹ̀. Páìpù ìgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà kọjá bíìmù náà jáde. Ẹni tí kò bá tètè wá ọ̀nà náà, òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì ni wọn yóò fi wá a fún un lẹ́yìn tí kọnkéré bá ti gan. Wọn yóò gbẹ́ ẹ títí tí irin yóò fi yọ, wọn yóò fi ayùn gé irin náà, wọn yóò ki páìpù bọ̀ ọ́, wọn yóò sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú rẹ̀. Ó máa dán lójú o! Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n gé yẹn wà lára ohun tó ń gbé ilé yín dúró, sìmẹ́ǹtì kò sì lè so ó padà.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí páìpù gba abẹ́ bíìmù kọjá. Èyí ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n fi sílíífù, ìyẹn páìpù tó fẹ̀ ju ti ìgbẹ́ lọ, sáàárín irin kí wọ́n tó da kọnkéré. Páìpù ìgbẹ́ 110 mm lè gba inú sílíífù 160 mm. Fóòmù ni kí wọ́n fi dí àlàfo tó bá kù, kí ilé lè rìn díẹ̀ láì ṣẹ́ páìpù.

Ihò náà kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga bíìmù lọ. Bíìmù 600 mm lè gba sílíífù 160 mm. Ti 450 mm kò lè gbà á. Àárín méjì gíga rẹ̀ ni kó wà, nítorí irin òkè àti ti ìsàlẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Kó sì jìnnà sí òpó, torí ẹ̀bá òpó ni bíìmù ti sábà máa ń sán. Ẹnjiníà ni yóò sọ iye ríǹgì, ìyẹn irin tí wọ́n tẹ̀ yí irin gígùn bíìmù ká, tí wọn yóò fi kún ẹ̀gbẹ́ ihò náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni ìdagẹ̀rẹ̀. Páìpù ìgbẹ́ yẹ kó máa wálẹ̀ 25 mm lórí mítà kọ̀ọ̀kan: bí bíìmù bá jìnnà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní mítà 4, páìpù gbọ́dọ̀ ti wálẹ̀ 100 mm kó tó débẹ̀. Nítorí náà, púlọ́ḿbà gbọ́dọ̀ wọn ibi tí sílíífù yóò wà kí wọ́n tó fi wáyà dè é mọ́ irin. Kí wọ́n dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kí ẹnìkan sì dúró tì í lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré.

Bí wọ́n bá ti dà á láìsí sílíífù ńkọ́? Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án kí ẹnjiníà tó dé. Ẹ̀rọ wà tó ń fi ibi tí irin wà hàn, òmíràn sì wà tó ń lu ihò róbótó láìsí pé wọ́n fi òòlù gbá bíìmù. Owó wọn wọ́n ju ti sílíífù lọ fíìfíì.