Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé: kí ló dé tí ti Abuja kò fi kan gbogbo ọmọ?

Láti 2003 ni Nàìjíríà ti ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé. Ṣé kì í ṣe gbogbo wa ló kàn ni?

Rárá o. Abuja nìkan ni òfin yẹn ti fìdí múlẹ̀ fúnra rẹ̀. Lábẹ́ ìwé òfin 1999, ọ̀rọ̀ ọmọdé kò sí lára ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa ṣe tirẹ̀, kí gómìnà sì buwọ́ lù ú. Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní àríwá fi bí ogún ọdún fà á.

Kí ló mú kí wọ́n fà á?

Ọjọ́ orí ìgbéyàwó ni. Òfin 2003 ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni, kò sì gbọ́dọ̀ ṣègbéyàwó. Òbí tó fi ọmọ fọ́kọ àti ọkùnrin tó gbé e níyàwó lè san ₦500,000, tàbí kí wọ́n lọ ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, tàbí méjèèjì. Àwọn kan ní bí ọmọ bá ti bàlágà, ó tó. Àwọn ìpínlẹ̀ kan gba òfin náà, wọ́n yí ọjọ́ orí padà. Nítorí náà, ẹ má wo àkọlé òfin ìpínlẹ̀ yín nìkan. Ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé ẹni tó ń jẹ́ ọmọdé ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.

Ọmọ ọ̀dọ̀ ńkọ́?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń rúfin láì bìkítà. Abala 28 òfin 2003 ní a kò gbọ́dọ̀ gba ọmọdé síṣẹ́ ilé lẹ́yìn ilé tirẹ̀ tàbí àárín ẹbí rẹ̀. Ẹbí pàápàá, iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n lè gbé fún un: ti oko, ti ọgbà tàbí ti inú ilé, kì í ṣe ẹrù tó máa pa á lára. Ìjìyà rẹ̀ ni owó ìtanràn tí kò ju ₦50,000 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, tàbí méjèèjì. (Náírà ti wálẹ̀ débi pé owó ìtanràn yẹn kò já mọ́ nǹkan mọ́.) Bí ọ̀rọ̀ bá dé àgọ́ ọlọ́pàá, "àbúrò ìyàwó mi ni" ni ọ̀gá ilé máa ń sọ. Bí ọmọ kò bá ní ìwé ẹ̀rí ìbí, ta ló máa fi hàn pé ọmọ ọdún 11 ni?

Ìwé ẹ̀rí yẹn ṣe pàtàkì, torí òfin 2015 ti NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, kò dúró de ìpínlẹ̀ kankan: ẹni tó bá fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ti rúfin níbikíbi ní Nàìjíríà.

Bí mo bá rí ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ àdírẹ́sì ilé náà, ọjọ́ àti ohun tí ẹ fojú rí sílẹ̀. Ẹ mú àkọsílẹ̀ náà lọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀, ọlọ́pàá tàbí NAPTIP. Ẹ má ṣe gbé ọmọ náà lọ sílé yín: wọ́n lè pè yín ní gbọ́mọgbọ́mọ.